Ìkúnlẹ̀ Tí Mámà Ṣe Kẹ́yìn

"Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́." Ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú Mámà nìyẹn, lábẹ́ fọ́tò tí Mámà ti wé gèlè aláró. Mo kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún un kà, inú bí mi débi pé mi ò lè gbe orin tí wọ́n dá. Àìsàn tó gbé Mámà lọ kì í ṣe ránpẹ́. Orúnkún wọn ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1996, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi kú lọ́dún 1999 yìí. Gbogbo àgbà tó jókòó ní ìlà iwájú lọ́jọ́ ìsìnkú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mi ò tíì ríṣẹ́, àyè wà fún mi láti máa ronú, bóyá ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni mo fẹ́ kọ. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tí kò mọ Mámà rí mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, kó sì mọ ohun tí a gbà lọ́wọ́ wọn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ìbínú náà lè mú kí n sọ àsọdùn. Màá gbìyànjú kí n má sọ ju ohun tí mo rí àti ohun tí bàbá mi sọ fún mi.

Mámà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìlú Ìpele ni ilé bàbá wọn, Ọ̀wọ̀ ni wọ́n lọ́kọ sí. Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń rántí nípa wọn ni pé wọn kì í jókòó. Tí ẹ bá fún wọn ní àga, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gbé agbọ̀n ẹ̀gúsí lé e, wọ́n á sì máa bá ìrìn wọn lọ. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń jẹ iṣu sísun, epo á máa kán sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n á lá a. Bí bàbá mi bá ní, "Mámà, ẹ tiẹ̀ sinmi ná," wọ́n á wò ó bí ẹni pé ó bú wọn. Wọ́n á ní, "Ṣé o ti rí pósí mi níbì kan ni?"

Ohun kejì tí wọ́n fi ń rántí wọn ni ìkúnlẹ̀. Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún àwọn ẹgbẹ́ mi tó dàgbà sí Èkó. Ní agboolé bíi tiwa, obìnrin tí wọ́n bá gbé wọlé, gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí sílé náà kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tó ń rákò. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Á fún wọn ní orúkọ tirẹ̀, Eyínfúnjowó, Adúmáadán, irú orúkọ bẹ́ẹ̀, á sì máa kúnlẹ̀ kí wọn. Mámà mọ̀ ọ́n kún. Orúnkún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn wọn gún, wọn kì í fọwọ́ ti ohunkóhun, wọn kì í sì í dìde títí ẹni tí wọ́n ń kí á fi ní kí wọ́n dìde. Tí mo bá ń wò wọ́n, kì í jọ mí bí ẹni tó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó máa ń jọ mí bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ dunjú, tó sì fẹ́ kí ẹ rí i pé òun mọ̀ ọ́n.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ti yunifásítì wálé, mo tẹ orúnkún kan díẹ̀ láti kí wọn, bí àwa ọmọ ilé ìwé ti ń ṣe. Mámà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, Bọ́sẹ̀," wọ́n ní. "Ta ló gbá ọ lẹ́sẹ̀ lọ́nà?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ wọ̀nyẹn ni Akọ̀wé, àbíkẹ́yìn nínú àwọn àbúrò bàbá àgbà mi. Mámà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí òun ló kọ́kọ́ di pẹ́ńsù mú nínú ilé náà. Ọmọdé tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ ni nígbà tí Mámà dé. Mámà ló ń wẹ̀ fún un, àwọn ló ń pọ̀n ọ́n lọ odò. Ó dàgbà, ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní kóòtù lóòótọ́, ó fẹ̀yìn tì, ó sì di olórí ẹbí wa. Ẹ má bínú pé mi ò pè é bí a ti ń pe àgbà nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Mo gbìyànjú rẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀.

Bàbá àgbà mi kú lọ́dún 1984. Mo kéré nígbà náà, bàbá mi ló sọ ìyókù fún mi. Nígbà tí ọ̀fọ̀ tán, ẹbí jókòó láti mọ ẹni tí yóò ṣú Mámà lópó, Akọ̀wé sì ní òun ni. Ó ti ní ìyàwó nílé. Mámà kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọkọ mìíràn mọ́, àwọn á jókòó ti àwọn ọmọ àwọn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ẹnì kan ti ní kí wọ́n dìde, wọ́n sì ti dìde, kí Akọ̀wé tó lanu.

"Àbí o ti rí ohun tó dáa ju tiwa lọ níta ni?"

Mámà yíjú padà.

"Akọ̀wé, mo ti wẹ̀ fún ọ rí," wọ́n ní. "Kí ló kù tí mo tún fẹ́ rí?"

Bàbá mi ní ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá náà pọ̀ débi pé àgbà kan já bọ́ láti orí bẹ́ǹṣì. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí àwọn ìyàwó ilé ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dápàárá nídìí kànga. Akọ̀wé lè gbàgbé pé wọ́n kọ òun. Ẹ̀rín yẹn ni kò gbàgbé. Mámà náà kò kúnlẹ̀ fún un mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n á kan tẹ̀ díẹ̀, "Akọ̀wé, ẹ kú àárọ̀ o," wọ́n á sì kọjá. Nígbà tí mo dàgbà tó láti béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní, "Mo fẹ́ kúnlẹ̀ o. Tí mo bá ti rí ojú rẹ̀ ni ẹ̀rín á máa pa mí."

Bó ṣe rí nìyẹn títí di 1996, nígbà tí àwọn àna wa láti Àkókó fẹ́ wá ṣe ìdána Fúnmi, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ Kàdúná lẹ́nu iṣẹ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè sún ọjọ́ náà síwájú. Ní ilé wa, bí olórí ẹbí kò bá jókòó, kò sí ẹni tó lè gba àna lálejò. Akọ̀wé ránṣẹ́ sí bàbá mi pé òun ò ní jókòó, àfi tí Mámà bá kúnlẹ̀ fún òun níwájú àwọn àna, kó tọrọ àforíjì. Ó ní gbangba ni wọ́n ti fi òun ṣẹ̀sín, gbangba ni wọ́n á ti bẹ òun.

Bàbá mi jẹ́ olùkọ́, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo. Ó lọ bá Mámà nídìí ààrò. Fúnmi ń sunkún nínú yàrá, gbogbo wa sì ń gbọ́ ọ.

"Mámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi ṣe é."

Mámà fẹ́ iná náà títí ó fi ràn kí wọ́n tó dáhùn.

"Mò ń kúnlẹ̀ fún iná lójoojúmọ́ kó lè jó," wọ́n ní. "Lọ sọ fún Akọ̀wé pé màá kúnlẹ̀ kó lè jókòó."

Mo fẹ́ kí ó yé gbogbo ẹni tó bá ka èyí pé Mámà ti gbà. Wọ́n ti gbà láti ṣe é dáadáa, bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà ni wọ́n ṣubú.

Ọ̀sẹ̀ ìdána náà gan-an ni. Mámà lọ sí Ìpele láti kó iṣu tí ẹ̀gbọ́n wọn fi ta Fúnmi lọ́rẹ. Ọ̀wọ́n epo wà, kò sí mọ́tò, wọ́n bá gun ọ̀kadà padà. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n jókòó sí lórí rẹ̀ nítorí ìró, àpò iṣu wà ní àárín àwọn àti ọlọ́kadà. Ní ìsàlẹ̀ òkè kan, ewúrẹ́ já lu ọ̀nà, ọ̀kadà yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, orúnkún ọ̀tún ni Mámà fi balẹ̀. Ọlọ́kadà sáré wá, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Iṣu mi ni kí o kọ́kọ́ kó," Mámà sọ fún un. "Èmi lè dá dìde, iṣu ò lè dá dìde."

Àmọ́ wọn ò lè dá dìde. Òun ló gbé wọn.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, orúnkún náà ti wú bí orí ọmọ tuntun. A bu omi gbígbóná sí i pẹ̀lú iyọ̀, a fi òrí pa á, a ya aṣọ àtijọ́ a fi dì í. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ládùúgbò wa wá wò ó, ó ní kí a gbé wọn lọ ya fọ́tò egungun ní kíá. Mámà ní ó di ẹ̀yìn ìdána. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn kí Fúnmi má baà gbọ́, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀, wọ́n ní kí n di abíyá àwọn mú kí àwọn dán ìkúnlẹ̀ wò. Èyí òsì lọ. Èyí ọ̀tún kò lọ. Òógùn ń ṣàn lójú wọn, wọ́n sì ń ṣe "ùn, ùn" ní ìmú, wọn ò jẹ́ kí ẹnu wọn là. Mi ò tíì rí wọn kí wọ́n gbìyànjú ohun kan kí wọ́n má lè ṣe é. Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù pé wọ́n lè kú, ẹ̀rù pé mo ti rí ohun tí kò yẹ kí n rí ni.

Bàbá mi lọ bẹ Akọ̀wé pé kí ó jẹ́ kí Mámà jókòó tọrọ àforíjì náà. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín.

"Orúnkún yẹn ti ń dùn ún láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú," ó ní. "Ìbàdí tèmi náà ti ń dùn mí báyìí. Bóyá kò ní jẹ́ kí n lè jókòó fún àna."

Kì í ṣe òun nìkan ni kò gbàgbọ́. Àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ Mámà ṣe ẹ̀rín láti ọdún 1984 wá gan-an ń ṣẹ́jú síra wọn. Ẹni tí ẹ̀rín kò jẹ́ kó kúnlẹ̀ títí di àná wá sọ pé orúnkún ni. Bí mo bá jẹ́ ará ìta, bóyá èmi náà kì bá tí gbà á gbọ́.

Ọjọ́ ìdána pé. Àwọn àna ti jókòó, Akọ̀wé jókòó sórí àga ńlá nínú agbádá funfun. Fúnmi wà nínú yàrá níbi tí wọ́n ti ń wé gèlè fún un, kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi rí i. Mámà ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àlejò ti lè rí wọn, wọ́n mú ọwọ́ kúrò lára ògiri. Wọ́n rìn dé iwájú Akọ̀wé, wọ́n sì kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ ohun tó dún nínú rẹ̀.

"Akọ̀wé, ọkọ mi," wọ́n ní, ohùn wọn kò gbọ̀n, "mo sọ yín di ẹni ẹ̀rín lọ́jọ́ kan. Ẹ fi jì mí."

Gbogbo wa ń retí pé yóò ní kí wọ́n dìde. Ó wò wọ́n. Ó wo àwọn àna.

"Kí á tó sọ ohunkóhun," ó ní, "ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà."

Ó máa ń ka ìwé mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ àdúrà gbà. Ó gbàdúrà fún ọkọ àti ìyàwó, ó gbàdúrà fún ará Àkókó àti fún ọ̀nà tí wọ́n á gbà padà, ó gbàdúrà fún epo mọ́tò, fún ìjọba, fún gbogbo ọmọ ilé wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò dá àdúrà dúró? Mo la ojú mi sílẹ̀. Ojú Mámà ti di bí eérú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ohun tí wọn kì í ṣe. Bàbá mi di ojú rẹ̀ pinpin. Mo mọ̀ pé kò gbàdúrà. Ó kàn dijú ni.

A ṣe àmín. Akọ̀wé yíjú sí àwọn àna. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa."

Ìyá kan láàárín wọn sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Bàbá, Mámà ṣì wà nílẹ̀ o."

"Ìyàwó wa ni," Akọ̀wé ní. "Ilẹ̀ ni àyè rẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àpárá ni. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjèèjì dìde, wọ́n gbé Mámà ní abíyá, wọ́n sì mú wọn wọlé lọ. Àlejò ló gbé wọn dìde nínú ilé ọkọ wọn.

Nínú yàrá, nígbà tí mo ń tú aṣọ tí a fi di ẹsẹ̀ náà, Mámà di ọwọ́ mi mú.

"Ó jókòó, àbí kò jókòó?"

"Ó jókòó, Mámà."

"Ó tán," wọ́n ní.

Dókítà tó wo fọ́tò egungun lẹ́yìn náà ní egungun orúnkún náà ti sán nígbà tí wọ́n ṣubú, pé ká ní wọ́n sinmi rẹ̀ ni, ì bá jinná. Ohun tí wọ́n fi ṣe lẹ́yìn ìṣubú ló ba oríkèé náà jẹ́. Láti ìgbà náà ni Mámà ti di ẹni tó ń jókòó. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé bí ìyẹn ṣe dùn mí tó. Àga tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀gúsí lé ni wọ́n wá ń jókòó sí láti àárọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún á wà lórí àpótí, wọ́n á máa pariwo sí àwọn tó ń se ọbẹ̀. Orúnkún náà kì í ká títí oòrùn á fi mú un. Bí òjò bá máa rọ̀, òun ló ń kọ́kọ́ sọ fún wa. Wọ́n fi ewé gbígbóná jó o, wọ́n fi ìpara olóòórùn pa á, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn ara ríro mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Oògùn yẹn ló dá egbò sí wọn nínú, òun ló sì pa wọ́n kẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bì nígbà tí a gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn ò lè dé orí ìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ mọ́. Àlùfáà á gbé oúnjẹ Olúwa wá bá wọn níjòókòó.

"Ẹ jókòó gbà á, Mámà," ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ọlọ́run mọ̀."

"Ó mọ̀," Mámà ní. "Ó sì mọ ẹni tí mo lo ìyókù orúnkún mi fún."

Fúnmi kò mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ọjọ́ ìdána rẹ̀ ló ba orúnkún náà jẹ́. Mámà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un, ọ̀kadà nìkan ló ń bú. Nígbà tó gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ wá láti Kàdúná, ó fẹ́ kí Mámà wẹ ọmọ náà, bí wọ́n ti wẹ gbogbo wa, lórí ẹsẹ̀ méjèèjì tí wọ́n nà sílẹ̀. Mámà gbìyànjú láti na ẹsẹ̀ ọ̀tún náà, kò nà. Wọ́n bá pè mí. Wọ́n ní kí n jókòó sórí àpótí kí n na ẹsẹ̀ mi, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, àwọn sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ má mira," wọ́n ní. "Ẹsẹ̀ rẹ nìkan ni mo yá."

Fúnmi ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Ọlọ́kadà yẹn ò ṣe wá re o, Mámà."

Mámà da omi sí ẹ̀yìn ọmọ náà.

"Má bú u," wọ́n ní. "Òun bẹ̀ mí, ó sì gbé mi dìde."

Nígbà tí wọ́n dá wọn padà wálé láti ọsibítù, tí gbogbo wa ti mọ̀ pé kò ní pẹ́, Akọ̀wé wá wò wọ́n. Òjò ń rọ̀. Ó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàbá mi, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Mo wà ní ẹ̀gbẹ́ Mámà, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn.

"Ìyàwó mi, báwo ni ara?"

"Ara nìyí."

"Mo wá gbàdúrà fún ọ ni."

"Má tíì gbà á," Mámà ní. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀, mo ní láti dá abẹ̀bẹ̀ dúró kí n tó gbọ́. "Àdúrà rẹ máa ń pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. O ò tíì ní kí n dìde."

Akọ̀wé wo bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni o ṣì ń rò yẹn."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, Akọ̀wé. Kò gùn."

Mo ń retí rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ju bí mo ti ń fẹ́ iṣẹ́ lọ, ju bí mo ti fẹ́ ohunkóhun rí lọ, ó sì dá mi lójú pé yóò sọ ọ́, nítorí kò ní ná an ní nǹkan kan. Ó yí fìlà náà po lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé e padà.

"Ọlọ́run á gbé ọ dìde," ó ní.

"Kì í ṣe Ọlọ́run ni mo kúnlẹ̀ fún lọ́jọ́ yẹn," Mámà ní.

Ó jáde. Bàbá mi mú agboòrùn tẹ̀ lé e, ó ń fi bò ó lórí dé ẹnu géètì, òjò sì ń pa òun alára. Mámà kò wo ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ẹsẹ̀ náà sórí ìrọ̀rí. Mo gbé e. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.